Ìwo Ara Ẹ̀rọ Gàníyù

Gàníyù wẹ́dà kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣìnà, á rìn títí yóò fi yọ síbi tí kò mọ̀, á sì ní ibẹ̀ gan-an lòun ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gààrí ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ká má purọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́kọ́ ń ṣe irú rẹ̀ nílùú, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ rà á l'Abẹ́òkúta. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ìṣòro. Ó ri pátákó irin kan mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé: GÀNÍYÙ WẸ́DÀ. N KÒ KỌ́ Ọ LỌ́DỌ̀ ẸNÌKANKAN. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wà l'Abẹ́òkúta, kò tíì kú, ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lójoojúmọ́.

Làtíífàt, ìyàwó rẹ̀, tí ó ti ń bá a di irin mú láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó pa ìlà kejì yẹn rẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá bá èèyàn. Gàníyù ní obìnrin ò mọ iṣẹ́ irin. Ó sì tún ọ̀dà ìlà kejì náà kùn, kó lè hàn sí i.

Ọjọ́ tí Màmá Jàmílàt wá láti Lánlátẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Hàlímọ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, òun sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé gààrí tuntun, wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó, ó wá ku ẹ̀rọ. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìpìlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ ń rin ẹ̀gẹ́ dáadáa, ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ àwọn. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí ẹ̀gẹ́ rírin bá ti ń já bọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lóṣòó síbẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì ya ẹnu àpò sílẹ̀. Ọmọ́tárá tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, omi ẹ̀gẹ́ ń ta sí i lójú, ìdajì ọjà sì ń dà sílẹ̀.

Gàníyù ń mi orí, ó ń sọ pé ẹ̀n, ẹ̀n. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló jókòó, etí rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí Màmá dárúkọ Akínladé ni etí rẹ̀ tó padà wá. Akínladé yìí ni wẹ́dà tó ń ṣe irú ẹ̀rọ kan náà ní Ẹ̀rúwà, Gàníyù kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí inú rẹ̀ má ru. Màmá ní Akínladé náà ti wá bá àwọn, ó ní ẹ̀rọ tòun ti ní ìwo báyìí.

Gàníyù ní ìwo bí ti màlúù ni àbí irú ìwo wo. Màmá ní irin kan ni, ó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ sókè lẹ́nu, Akínladé sì ní iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ó ní kí Gàníyù gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ ọjà àwọn, kí Akínladé gbé tirẹ̀ wá, èyí tó bá wu àwọn ni àwọn máa mú. Ó wá fi kún un pé àwọn ará Tápà àti Ayétẹ̀ ń wo ọwọ́ àwọn, ẹni tí Lánlátẹ̀ bá gbà ni àwọn náà máa gbà.

Bí ẹ bá rí i bí ojú Gàníyù ṣe pọ́n. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ dúró, ó sì dìde láàárín wọn.

"Bí ẹ̀rọ Akínladé bá fi lè borí tèmi, kí ẹ wá hú pátákó mi nílẹ̀. N ó padà sóko bàbá mi lọ́nà Tápà, n ó lọ máa kọ ebè."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rù sì ba Gàníyù fúnra rẹ̀ nígbà tó jókòó tì í, torí kò sí ohun tó kórìíra tó oko. Ìgbà tó lọ kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lé kó tó gé koríko tó lè bo ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ó sì sá fún okùn kan tó pè ní ejò, ó sá délé láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ di òní. Bó ṣe wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bá Làtíífàt lẹ́yìn ilé tó gbé ọkọ́ àtijọ́ kan síwájú, tó ń ki igi tuntun bọ̀ ọ́. Ó béèrè pé ta ló ni ọkọ́. Làtíífàt kò gbójú sókè. Ó ní èèyàn ò mọ ohun tí Ọlọ́hun lè ṣe.

Wàyí o, Gàníyù ò lè béèrè ohun tí ìwo náà ń ṣe. Ẹni tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára pátákó, báwo ló ṣe máa béèrè? Ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé wíwò kì í ṣe bíbéèrè. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí wò.

Orí fóònù ló kọ́kọ́ wò. Ó rí ọkùnrin kan tó ń sọ èdè tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ó dúró ti ẹ̀rọ tó tó ilé alájà méjì, kò sì síwo lára rẹ̀. Kó tó rí òmíràn, dátà ti tán sórí ìpolówó òróró irun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Mìsìs Awótúndé, tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ n'Íbàdàn, ń bọ̀ wá dá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀rúwà. Gàníyù lọ. Ó ní òun kàn lọ kí wọn ni. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ọgbọ́n tuntun kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù kékeré láti ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ta irin fún ọ lè ní in, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà lè ní in, ìwé lè ní in, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó ń lo ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ń mi orí. Gàníyù ń dúró kí wọ́n parí. Nígbà tí wọ́n parí, ó ya ìwo náà, bí Màmá ṣe ṣàlàyé rẹ̀, sẹ́yìn páálí ìrẹsì tí wọ́n fún un, ó yọ́ lọ bá a níkọ̀rọ̀, ó sì fi hàn án láìsọ nǹkan kan. Mìsìs Awótúndé yí páálí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní lóòótọ́ lòun ò mọ ohun tí èyí ń ṣe, kó jọ̀ọ́, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Gàníyù rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní alákọ̀wé ò ní tú àṣírí láéláé. Ó gba páálí ìrẹsì kan sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ló bá di pé àfi kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó yá agbádá àbúrò bàbá rẹ̀, ó gbé awò dúdú ìyàwó rẹ̀ sójú, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀rúwà. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ló ń kí i pé, Gàníyù wẹ́dà, ẹ kú ìrìn o, ta ló kú? Ó kàn ń ti awò mọ́ ojú dáadáa.

Akínladé fúnra rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì lọ́yàyà. Ó pè é ní Alhaji, ó fún un ní àga, ó bu omi tútù fún un. Gàníyù ní òun ń ta gààrí ni, láti Ṣakí lòun ti wá. Akínladé ní Ṣakí jìnnà. Gàníyù ní ó jìnnà. Ẹ̀rọ náà sì rèé níwájú wọn, ìwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀ ní déédéé àyà èèyàn, páìpù tó nípọn, tó tẹ̀ sókè lẹ́nu bí wọ́n ṣe wí. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yún Gàníyù. Ó jẹ́ kí fìlà bọ́ lórí rẹ̀ sẹ́bàá ẹ̀rọ, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ó fi ìka wọn gígùn ìwo. Fìlà tún bọ́, ó wọn bó ṣe nípọn tó. Nígbà tó bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Akínladé ló bá a mú un.

"Alhaji," ó ní, "fìlà yín yìí ò fẹ́ràn orí yín."

Kò sì sẹ́ni tó bi í tó fi sọ pé ìwo yẹn ló ń bá ẹ̀rọ fa èémí, kí ẹ́ńjìnnì má bàa fún un lọ́rùn. Ibòmíràn ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Gàníyù rò pé bí àṣírí ṣe jinlẹ̀ tó nìyẹn.

Bó ṣe délé, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí. Bí ìwo kan bá ń fa èémí, méjì á fa jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ó jó ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó jó ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ó mú wọn gùn ju ti Akínladé lọ. Làtíífàt ló bá a di páìpù mú. Nígbà tí wọ́n ṣe èkejì tán, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ọ́n léjìká.

Ó ní, "Bàbá Búrẹ́mọ̀, ìwo yìí mà jọ nǹkan kan tí ẹ ti..."

Gàníyù gbé ọwọ́ sókè. Obìnrin ò mọ iṣẹ́ irin. Làtíífàt padà sẹ́yìn ilé lọ bá ọkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà pé. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí Lánlátẹ̀, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé gààrí, ẹ̀rọ ò wọlé. Ìwo ti fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, ìwo kan já fìlà lórí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé e, àwọn obìnrin sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo màlúù tí kò fẹ́ wọ ọgbà. Nígbà tó wọlé tán, Gàníyù nu òógùn ojú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀rọ Akínladé tó ti wà níbẹ̀. Ìwo mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ó tò wọ́n tẹ̀ léra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Gàníyù tún ìwo tirẹ̀ kà, méjì náà ni.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ sí i. Ti Gàníyù rin ín kúnná, ti Akínladé náà rin ín kúnná. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ fún un wò, wọ́n ní bákan náà ni. Màmá Jàmílàt ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

"Ó dáa," ó ní, "iṣẹ́ dọ́gba. Ó ku ìwo. Ẹni tó bá lè fi ohun tó ń ṣe hàn wá lójú wa báyìí, tirẹ̀ la máa mú."

Gàníyù ti fò síwájú kó tó sọ tán. Ó ní èémí ni, ìwo ń fa èémí. Màmá ní kó fi hàn wọ́n bó ṣe ń fà á. Gàníyù gbé ọwọ́ sẹ́nu ìwo, nǹkan kan ò wọlé, nǹkan kan ò jáde. Màmá kọjú sí Akínladé. Akínladé bọ́ fìlà rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. N ò mọ̀ ọ́n. Ara ẹ̀rọ Gàníyù ni mo ti rí i. Ààwẹ̀ ìdúnta, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, mo rí i lára èyí tó gbé síta. Mo ní Gàníyù ò ní dédé jó irin mọ́ irin. Ni mo bá ṣe tèmi. Nígbà tí mo gbọ́ pé tirẹ̀ ti di méjì, mo ní ó ti tún rí nǹkan mìíràn nìyẹn, n kò gbọdọ̀ kẹ́yìn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Gàníyù. Orí rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Tòun ni ìwo! Akínladé ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ òun! Ó ṣe tán láti lanu, ó fẹ́ wá irọ́ kan tó gùn sọ sí i, pátákó rẹ̀ á sì dúró síbi tó wà. Ibẹ̀ ni ìrántí ti bá a. Ààwẹ̀ ìdúnta, ewúrẹ́ ará ilé kejì ń wá da bútà àlùwàlá rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, inú bí i, ó gé àjẹkù páìpù kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, ó jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ oníbàárà kan tó wà nítòsí, ó sì fi bútà kọ́ ọ. Ààwẹ̀ parí, ó gbàgbé, oníbàárà sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ tìwo-tìwo. Ohun tí Làtíífàt fẹ́ sọ nìyẹn. Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn, Gàníyù ò sì jẹ́ kó sọ ọ́.

Ó wo Akínladé, àgbà tó bọ́ fìlà láàárín àwọn obìnrin, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀. Ojú tì í. Ó fi irọ́ tó fẹ́ pa sílẹ̀.

"Bútà ni," ó ní.

Màmá ní bútà wo.

"Bútà àlùwàlá. Ibẹ̀ ni mo ń fi í kọ́. Ewúrẹ́ ń dà á nù."

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín tó. Màmá Jàmílàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Akínladé fara ti ìwo rẹ̀ kẹta, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Gàníyù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí pé ebè ló ń rí níwájú, ebè lọ súà dé Tápà.

Ẹnì kan tún wà tí kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ́tárá ni, ẹni tí Màmá ní ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó ti fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀gẹ́ sì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì rin, òun ló sì máa lóṣòó tì í. Ó ti wo ìwo méjèèjì lára ẹ̀rọ Gàníyù fúngbà díẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so igun kan ẹnu àpò rọ̀ mọ́ ìwo ọ̀tún, ó wá okùn kan, ó fi so igun kejì rọ̀ mọ́ ti òsì. Àpò la ẹnu kalẹ̀ fúnra rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n tàn án, ẹ̀gẹ́ ń já bọ́ sínú àpò, kò sí èyí tó dà sílẹ̀. Ọmọ́tárá dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

Ẹ̀rín dá. Àwọn obìnrin sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé àpò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ Akínladé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìwo rẹ̀ wà, ẹnu àpò kọ̀, kò là. Màmá dìde nílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Gàníyù, ohun tí mo wá bá ọ sọ lórí bẹ́ǹṣì rẹ nìyí. Etí rẹ dà lọ́jọ́ náà?"

Gàníyù ní, "Ìwo ló gbà á lọ, Màmá."

Wọ́n ní àwọn mú tirẹ̀, bí ó bá lè gbé ìwo náà wálẹ̀ síbi tí Ọmọ́tárá bá fi hàn án. Gàníyù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ọmọ́tárá ń nàka, ó ń fi ẹfun sàmì síbẹ̀, Gàníyù kò sì já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó mọ̀ pé ẹnì kan ń na ọrùn lẹ́yìn òun. Akínladé ni, ó ń ṣe bí ẹni ń wá fìlà rẹ̀.

"Ẹ bọ́ síwájú, ẹ wò ó dáadáa," Gàníyù ní. "Kí n má bàa tún wá jí i wò lọ́dọ̀ yín. Agbádá yẹn gbóná."

"Alhaji Ṣakí," Akínladé ní, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ẹnì kan gbé bútà wá. Gàníyù ṣe àlùwàlá tirẹ̀ tán, ó wo ibi tó máa gbé e sí tí ewúrẹ́ ọjà ò fi ní dé ibẹ̀. Ó fi í kọ́ ìwo kẹta ara ẹ̀rọ Akínladé. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò wúlò.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó dé Igbó-Ọrà. Kò wọlé. Ó mú sípánà, ó lọ sídìí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Làtíífàt rí i láti ojú fèrèsé, ó rò pé Akínladé ló borí. Obìnrin tó ti ń fi ọkọ́ dápàárá láti ọjọ́ yìí wá, kò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe mọ́. Ó gbé ọkọ́ náà, ó jáde lọ bá a, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó ní kó má banú jẹ́, iṣẹ́ ni oko náà, àwọn jọ ń lọ ni, òun ò sì bẹ̀rù ejò.

Gàníyù wò ó. Ó ní tàwọn ni wọ́n mú.

"Kí lẹ wá ń tú pátákó sí?"

Ó ní ìlà kejì ni. Ó gbé pátákó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, títí dé orí bútà. Làtíífàt kò sọ pé òun ti rò bẹ́ẹ̀. Ó kàn fi ìdí ìborùn nu ojú rẹ̀. Gàníyù fi ọ̀dà dúdú pa ìlà kejì rẹ́ pátápátá, ó lóṣòó tì í, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó.

"Ìyá Búrẹ́mọ̀, kí lo rò pé ká kọ síbẹ̀?"

Làtíífàt kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, bóyá ibà ni. Nígbà tó rí i pé ara rẹ̀ dá, ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó sì jókòó.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó ní. "Ọ̀rọ̀ mi pọ̀, kì í ṣe ti pátákó nìkan."